Kí Ló Ń Ṣe É?

Gbólóhùn kan wà tí mo túmọ̀ sódì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Àbúrò ọkọ obìnrin kan ló sọ ọ́. Wọ́n mú obìnrin náà wá lóru sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ilé ìwòsàn tí n kò ní dárúkọ. Aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ ló wọ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe Yorùbá, èmi ni ẹnu fún un. Ó ní kí n bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé: "Ẹ̀mí ń gbé e."

Mo wo obìnrin náà. Ó ń mi orí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí etí ò lè mú. Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì sínú fáìlì pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ohun tí ọkùnrin náà sọ kúrú. Ohun tí mo kọ gùn jù ú lọ, ohun tó sọ kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ Largactil, oògùn wèrè, lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ dé. Àgbà inú wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ta ló sọ fún yín pé orí ọmọ yìí dàrú?" Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí. Àwẹ̀ ni obìnrin náà ń gbà nínú ilé àdúrà. Ẹ̀mí gbé e níbẹ̀, bí ó ṣe máa ń gbé e láti ìgbà omidan rẹ̀, ó sì sọ nínú ẹ̀mí pé ilé tí bàbá ọkọ òun fi sílẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń dá gba owó ilé náà ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí oògùn kúrò lójú rẹ̀, ó mọ ọjọ́, ó mọ ẹni tó ń ṣe ìjọba, ó mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gààrí. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bi mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ kọ nípa mi?"

Mi ò lè kà á fún un. Ohun tí mo kọ yẹn náà ni wọ́n dà kọ sínú ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìwé ọ̀hún ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ìpàdé ẹbí: ilé ìwòsàn ti fọwọ́ sí i pé wèrè ni, ta ló sì ń gba ẹ̀rí wèrè?

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kékeré kan nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Kí n tó túmọ̀ ohunkóhun fún dókítà, mo kọ́kọ́ ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mọ̀lẹ́bí aláìsàn gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ìwé yẹn di mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe ń kà á ní àkàtúnkà ni mo rí i pé kì í ṣe orúkọ àìsàn ló yẹ kí n máa tẹ́tí sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́. Òrìṣà gùn ún. Ẹ̀mí gbé e. Ẹ̀mí bà lé e. Ànjọ̀nnú mú un. Ẹ̀mí èṣù wọ inú rẹ̀. Nínú gbogbo gbólóhùn yìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà lẹ́yìn, ẹlòmíràn ló wà níwájú tó ń ṣe nǹkan sí i. Ẹ wá gbọ́ tòdì kejì: Ó ya wèrè. Ó sínwín. Orí rẹ̀ yí. Orí rẹ̀ dàrú. Níbí, kò sí ẹlòmíràn. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú gbólóhùn, tàbí orí rẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ "ó ya wèrè", bí ẹni tó ń rìn bọ̀ tó ṣàdédé yà kúrò lójú ọ̀nà ló ń dún létí mi, tí kò sì sí ẹni tó tì í.

Bí Yorùbá bá fẹ́ gbé ẹ̀bi kúrò lórí aṣiwèrè, a mọ ohun tí à ń ṣe. A wá ẹnìkan fi síwájú gbólóhùn. A ní: "Wọ́n fi wèrè ṣe é." Ta ni "wọ́n"? Ayé ni, orogún ni, ẹni tí wọ́n jọ ń du oyè ni. Wèrè wá di ohun èlò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí àdá tàbí òkò. Nínú ìwé mi, àwọn tó sọ pé "wọ́n fi ṣe é" pọ̀ ju àwọn tó sọ pé "ó ya wèrè" lọ dáadáa. Àwọn tó sọ gbólóhùn kejì yìí, àjèjì tó kàn bá aláìsàn pàdé lójú títì ló pọ̀ jù nínú wọn. Mọ̀lẹ́bí kì í fẹ́ sọ ọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀mí pàápàá kò rí bákan náà láàárín ara wọn. Òrìṣà ń gùn, Ẹ̀mí ń gbé. Ẹlẹ́gùn ló ń ru òrìṣà rẹ̀. Aládùúrà, Ẹ̀mí ló ń ru ú. Èyí tó bá wọ inú èèyàn tún yàtọ̀: kò sí lórí, kò sí lábẹ́, ó ti di ayálégbé tí kò sanwó. Ohun tó gunni, ó lè sọ̀. Ohun tó gbéni, ó lè gbéni kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọlé tí a kò pè é, lílé ni wọ́n ń lé e. Ìdí nìyí tí ìlù àti oríkì fi wà fún ti àkọ́kọ́, tí akọ̀wé ìjọ fi ń jókòó ti ti ìkejì pẹ̀lú ìwé àti bíírò, tí ti ìkẹta fi ń pe ariwo, àwẹ̀ àti omi àdúrà, tàbí àáfáà tó máa ka Kùránì sí i létí. Wèrè kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òrìṣà là ń sìn, ẹ̀mí burúkú là ń lé, wèrè là ń wò.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó tiẹ̀ máa ń kólòlò díẹ̀. Bí ọdún Ṣàngó bá dé, wọ́n á di irun rẹ̀ bí obìnrin, á wọ aṣọ pupa, bàtá á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo rántí pé ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yí padà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yí. Àkólòlò yẹn á dàwátì. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní bá ara rẹ̀ mu mọ́. Àwọn àgbà tó tó bí i lọ́mọ á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á máa pariwo "Kábíyèsí!"

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra nǹkan fún ìyá àgbà, mo sì rí ọkùnrin kan náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń fá pákó, tó ń fi àkólòlò bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wí nítorí pé ó ra ìṣó tó kúrú. Mo sáré padà sílé. Mo ní: "Ìyá àgbà, ṣé wèrè ni bàbá yẹn ni?" Ọwọ́ rẹ̀ dé ẹnu mi kí n tó parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo sunkún tán, ó fà mí mọ́ra, ó ní: "Ẹni tí ọba gùn, ọba á sọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wèrè, ta ni yóò sọ̀?"

Mi ò gbọ́ ẹ̀kọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gùn ní ìgbà rẹ̀, ó ní ibi rẹ̀, ó ní àwọn tó mọ̀ pé ó ń bọ̀ tí wọ́n sì ń dúró dè é. Ó ní ìsọ̀kalẹ̀. Ó tún ní ẹ̀kọ́: a kì í ṣàdédé di ẹlẹ́gùn. Wọ́n á fá orí, wọ́n á dá òṣù sí i, onítọ̀hún á di adóṣù. Bó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun gbé ọ̀rọ̀ yìí dání. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, "iaô" ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà títí dòní. Ìyàwó náà ni. Ní Cuba, èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ báyìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa ṣì wà nínú rẹ̀ láàyè: wọ́n ní òrìṣà "gun" èèyàn, wọ́n sì ń pe ẹni náà ní ẹṣin.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń bá ẹni méjèèjì sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ṣàngó wà lórí gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn, "ẹ" ni gbogbo ìlú ń lò fún un. Wèrè tó wà lóríta ńkọ́? Ọmọ ọdún márùn-ún á sọ òkò lù ú, á ní "ìwọ wèrè yìí". Ọkùnrin náà lè ti pé ọgọ́ta ọdún, ó lè ti jẹ́ tíṣà, "ìwọ" ló kù fún un. Wèrè kì í gba làákàyè nìkan lọ́wọ́ ẹni, ó ń gba "ẹ" pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ mi nìyí: kẹ́ ẹ tó gbé abẹ́rẹ́, ẹ dá "ẹ" padà fún wọn.

Kì í ṣe èmi nìkan ló tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sódì. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, dókítà kan ní Bahia tó ń jẹ́ Raimundo Nina Rodrigues lọ jókòó sí àwọn ilé òrìṣà, ó wo àwọn ìyàwó tí òrìṣà gùn, ó sì padà wá kọ̀wé. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò ṣe nígbà náà: ó fojú ara rẹ̀ lọ wò. Ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ń lò fún àwọn obìnrin inú ilé ìwòsàn wọn ló fi pe ohun tó rí. Ní Recife, ní Brazil náà, ní àwọn ọdún 1930, abẹ́ àbójútó ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ìlera ọpọlọ ni wọ́n tiẹ̀ fi àwọn ilé Ṣàngó sí. Ètò yìí gba àwọn olùjọsìn lọ́wọ́ ọlọ́pàá dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀: kí o tó lu ìlù fún òrìṣà rẹ, àwọn tó ń wo wèrè ni yóò yọ̀ǹda fún ọ.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de ọdún àwọn Kátólíìkì, ó sì wọ ìran lẹ́yìn rẹ̀. Kò jí bọ̀rọ̀. Ilé wèrè Yábàá ti wà ní ṣíṣí láti ọdún 1907, kò sì jìnnà. Àwọn ará ilé kò gbé e lọ síbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, oníwàásù arìn-ká tó gbajúmọ̀ fún àdúrà. Ìpàdé àwọn méjì yẹn ni ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ṣẹ̀. Mo máa ń rò ó pé bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ló bọ́ sẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn, bó bá jẹ́ "ó ti ya wèrè" ló wí dípò "ó wà nínú ìran", ọ̀nà Yábàá ni wọn ì bá gbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀mí ni gbogbo rẹ̀, kí a má gbé ẹnikẹ́ni wá sí ilé ìwòsàn mọ́. Àṣìṣe tòdì kejì ni mo rí jù, òun ló sì burú jù.

Wọ́n gbé ìyá ọmọ tuntun kan wá ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ti aláṣọ funfun yẹn. Ọjọ́ karùn-ún tó bímọ ni kò sùn mọ́. Ní ọjọ́ keje, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀mí ni, wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó kó má baà sá lọ, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń nà án lẹ́gba kí ẹ̀mí lè jáde. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Àkóràn ilé ọmọ ni, ó ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ ìbímọ. Ó yè é, ọmọ náà yè é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àpá okùn kò kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Yorùbá ní orúkọ fún un. Abísínwín. Ẹni tó bímọ tó sínwín. Àwọn ìyá wa ti mọ̀, kí dókítà kankan tó dé, pé ó máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin bímọ, pé àìsàn ni, pé wọ́n ń wò ó. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, tó lọ ń jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, rí orúkọ yìí kọ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ó rí àwọn mìíràn náà: wèrè aláṣọ, ẹni tí kò já sí ìhòòhò, tó ń wọṣọ, tó ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n tí àwọn tó súnmọ́ ọn mọ̀ pé kò pé, wèrè àgbà, tó ń dé bá arúgbó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí a ní ọdẹ orí, tí ẹni tó ń ṣe máa ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé ó ń ta òun bí ọfà. A ní dìndìnrìn, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí onítọ̀hún ló rí. A ní dìgbòlugi, tó jẹ́ ti ajá kí ó tó di èébú fún èèyàn. Ilé tí ó ní yàrá tó báyìí, a wá ń kó gbogbo àlejò sí pálọ̀ kan ṣoṣo tí à ń pè ní "ẹ̀mí".

Báwo ló ṣe di pálọ̀ kan? Ọ̀nà kan ni ìtumọ̀ Bíbélì. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá orúkọ fún ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n mú. Láti ibẹ̀, gbogbo ẹ̀mí tí kò mọ́ nínú Ìhìnrere di ẹ̀mí èṣù. Bẹ́ẹ̀ inú Ìhìnrere gan-an, àìsàn àti ẹ̀mí máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì máa ń ṣòro láti yà wọ́n: nínú Jòhánù orí 10, àwọn tó ń ṣàríwísí Jésù so méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn lórí nínú gbólóhùn kan. Bí ìran ti ń gorí ìran, òrìṣà tó ń gun ẹlẹ́gùn di ẹ̀mí èṣù, wárápá di ẹ̀mí èṣù, wèrè náà di ẹ̀mí èṣù. Ohun tí à ń sìn àti ohun tí à ń wò wọnú àpò kan pẹ̀lú ohun tí à ń lé. Nígbà tó sì jẹ́ pé lílé nìkan ló kù, ẹgba ló kù.

Ọ̀nà kejì ni ìtìjú, n kò sì lè bínú sí i. Kí ìdílé tó fọmọ fọ́kọ nílẹ̀ wa, wọ́n á ṣèwádìí: ṣé wèrè wà nílé yẹn, ṣé wárápá, ṣé ẹ̀tẹ̀? Ìyá tó bá gbà pé wèrè ló ń ṣe ọmọbìnrin òun, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n "ẹ̀mí" kò sí lára ohun tí wọ́n ń wádìí. Ẹ̀mí lè bá ẹnikẹ́ni, ó sì lè lọ láìfi orúkọ sílẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé nígbà tí ìyá bá jókòó níwájú mi tó ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ̀mí ni, aṣọ ló ń wá láti fi bo ọmọ rẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó bí i ní ẹ̀tọ́ láti wá aṣọ. Àwọn àgbà tiẹ̀ ní wèrè tó bá ti wọjà, kò ṣeé wò mọ́. Mo ti rí àwọn tó wọjà tó sì padà sílé. Mo gbà pé ohun tí òwe yẹn ń sọ ni pé ojú tó rí ìhòòhò ẹni lọ́jà kò ní gbàgbé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo mọ gbogbo èyí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró ní 1954, kò ti aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn gbé, á máa se oúnjẹ fún un, wọ́n á jọ máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kò sọ fún wọn pé òpè ni wọ́n. Òpè sì kọ́ ni wọ́n. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń lò fún wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ oògùn ní Switzerland yọ èròjà reserpine láti ara ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ó wà lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ayé òde òní fi tọ́jú wèrè. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ fi egbò yẹn fún ẹlẹ́gùn nítorí pé òrìṣà gùn ún. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sẹ́nu ló ń yan oògùn.

Ìwé àkójọ àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1992 wá sọ ohun tí ìyá àgbà mi sọ nígbà tó gbá mi lẹ́nu. Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá bá èèyàn láìjẹ́ pé ó fẹ́, tó jẹ́ ìyọnu fún un, tí kò sí nínú ohun tí ẹ̀sìn tàbí àṣà rẹ̀ fọwọ́ sí, ìgbà náà ni kí a tó máa pè é ní àìsàn. Èyí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 kò yí ìyẹn padà. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà, ibi, àwọn tó ń dúró dè é, ìsọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ dá padà sípò rẹ̀. Bí ẹ bá wọ danfó lónìí, kẹ́ ẹ tó dé ibùdókọ̀ kejì, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ṣé wèrè ń ṣe ẹ́ ni?" Èébú ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ gbólóhùn náà dáadáa. Kò sọ pé o ya wèrè. Ó ní wèrè ń ṣe ọ́, bí ibà ṣe ń ṣeni, bí inú ṣe ń runni. Ó fi àìsàn síwájú, ó fi èèyàn sẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bí òrìṣà ṣe wà níwájú ẹni tó gùn. Kò sí "wọ́n" kankan níbẹ̀ tí a ó lọ bá jà, kò sí ẹ̀mí tí a ó nà lẹ́gba. Ohun tó ń ṣeni ni ohun tó lè fi ẹni sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ní láti fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí èyí tó bá iṣẹ́ mi mu tó o, a sì ti gbé e fún àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ láti fi máa bú ara wọn.

Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó ti gbé e yí ilé àdúrà mẹ́rin ká. "Ẹ̀mí ni, mà," ló sọ kí ó tó jókòó. Mi ò bá a jiyàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi. Mo ní: "Ẹ kúu wàhálà, mà. Ìgbà wo lẹ̀mí yìí kọ́kọ́ dé?" Ó ní ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Mo ní: "Ta ló wà níbẹ̀ tó ń retí rẹ̀?" Ó ní kò sẹ́ni tó ń retí irú rẹ̀. Mo ní: "Ìgbà wo ló sọ̀?"

Ó wo ọmọ rẹ̀, tó ń ka àwọn páálí àjà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"Kò tíì sọ̀, mà."

Mo kọ ìyẹn sínú fáìlì ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, mo sì kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ó ní: "Kí ló ń ṣe é, mà?"